Àádọ́ta Páálí

Kó tó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bọ́ aago ọwọ́, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní bí òun bá ń wo aago, òun á máa kánjú, bí òun bá sì ń kánjú, ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun rí nìkan lòun máa rí. Ó wá yọ wáyà máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà náà, ó ká a, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Láti ìgbà náà títí ilẹ̀ fi ṣú, bọ́tìnì nìkan ló fi ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ òsì lórí Ctrl àti Alt, ọwọ́ ọ̀tún lórí àwọn ọfà mẹ́rin.

Àbúrò mi ni, ọmọ àbúrò ìyá mi. Ó gbà kí n wá jókòó ti òun níbi iṣẹ́ ní Victoria Island, lórí àdéhùn pé n kò ní dárúkọ òun, n kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ àwọn tó ń yẹ ìwé wọn wò. Mo ti yí àwọn iye owó padà díẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n má baà dá wọn mọ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣírò ni n kò fọwọ́ kàn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wá ilé-iṣẹ́ tuntun, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní startup, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ lè fi owó sí kí wọ́n sì gba ìpín nínú rẹ̀. Owó náà kì í ṣe ti àwọn ọ̀gá. Owó olówó ni, ti àwọn báńkì ìdàgbàsókè, ti àwọn àjọ, ti àwọn ọlọ́rọ̀ kan, ó sì sábà máa ń wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é káàkiri ayé ni pé àwọn tó ń bójú tó owó náà á máa yọ nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lọ́dọọdún láti fi san owó oṣù àti owó ilé. Bí èrè bá wá wọlé níkẹyìn, ìdá 20 nínú 100 èrè náà di tiwọn. Níkẹyìn, mo ní. Ẹni tó bá wọ iṣẹ́ yìí lónìí lè bímọ, kó sì mú ọmọ náà dé iléèwé girama ná, kó tó mọ̀ bóyá òun mọ iṣẹ́ náà í ṣe.

Iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ń pè ní consulting. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é l'Ékòó: báńkì lónìí, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì lọ́túnla, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ síbí, ọ̀sẹ̀ méjìlá síbẹ̀. Ó wá lọ kàwé MBA fún ọdún méjì ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ló san owó ilé-ìwé, bí irú wọn ti máa ń ṣe fún ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ràn, lórí àdéhùn pé yóò padà wá sìn wọ́n fún ọdún méjì. Kò padà. Ó ń san owó náà fún wọn díẹ̀díẹ̀ títí di òní, ó ń yọ ọ́ nínú owó oṣù kó tó ra iyọ̀. N kò bi í pé èló ló kù.

Deck ni wọ́n ń pe ìwé tí ẹni tó ń wá owó fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ti ọjọ́ náà jẹ́ ojú ìwé 18. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ló ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Wọ́n ń ra Indomie, mílíìkì, ọṣẹ àti tòmátò inú agolo lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á tààrà ní kọ́ńpìnnì, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ Máruwá gbé e lọ bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké ní Mushin, Ṣómólú àti Agége, wọ́n sì ń tà á láwìn ọjọ́ méje.

Ó ka deck náà lẹ́ẹ̀mẹta, kíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jọra. Lákọ̀ọ́kọ́, àkọlé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nìkan ló kà, láti òkè délẹ̀, kò wo ohun mìíràn. Nídìí consulting ló ti kọ́ ọ: bí deck bá dára, àkọlé nìkan gbọ́dọ̀ lè ro ẹjọ́ náà tán. Barbara Minto ló kọ́ àwọn èèyàn McKinsey, ilé-iṣẹ́ consulting ńlá kan, ní irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Ọdún 1963 ló débẹ̀ láti Harvard, ohun tó sì dì mú ni pé ìdáhùn ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí àwọn ìdí rẹ̀ wá tò sábẹ́ rẹ̀. Létí àwa tí a máa ń kí èèyàn kí ilé kí ọ̀nà kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá, ó ń dún bí àfojúdi.

Lẹ́ẹ̀kejì, ìsàlẹ̀ ojú ìwé ló kà, àwọn ọ̀rọ̀ wínníwínní tó ń sọ ọjọ́ tí iye kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó wá wo àwòrán. Ó dúró lójú ìwé kẹfà. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó gbéra láti ọwọ́ òsì, tó ń lọ sókè bí ẹni ń gun Olúmọ.

"Bọ̀dá mi, ẹ wo ìlà yìí. Ṣé ó lè wálẹ̀ láé?"

Mo wò ó. N kò rí ohun tó ṣe é.

"Iye ṣọ́ọ̀bù tó ti rajà lọ́wọ́ wọn rí ni wọ́n ń kà. Ẹni tó rà lẹ́ẹ̀kan lóṣù kìíní tí kò padà wá mọ́ ṣì wà nínú ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá sá lọ lálẹ́ òní, ìlà yìí á kàn dúró síbi tó wà ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà ti ya irú ẹ̀ rí fún báńkì kan. Ọ̀gá mi yìn mí."

Kò bínú sí àwọn ọmọ náà. Ó ṣí ìwé kékeré kan, ó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí i: mélòó nínú àwọn tó rà lóṣù tó kọjá ló tún rà lóṣù yìí? Ó wá kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ìwé báńkì ránṣẹ́, àti gbogbo ọjà tí wọ́n ti tà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má ṣe tò ó, kí wọ́n má ṣe tún un ṣe.

Ọjọ́ kẹta ló dé: ìlà tó lé ní 20,000, ìlà kan fún ẹrù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbé fún oníṣọ́ọ̀bù. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó da gbogbo rẹ̀ kọ sínú Excel tuntun, ó ti èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pa, kò sì padà fọwọ́ kàn án mọ́. Nínú ẹ̀dà tirẹ̀, gbogbo iye tí ọwọ́ èèyàn bá tẹ̀ wà ní àwọ̀ búlúù. Èyí tí kọ̀ǹpútà bá fúnra rẹ̀ ṣírò wà ní dúdú. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ owó mọ àṣà yìí dáadáa, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń pa á mọ́ bíi tirẹ̀. Mo rí i tó padà sẹ́yìn ní àpótí mẹ́rìnlá nítorí búlúù kan tó ṣèèṣì di dúdú. Ó ní lóṣù mẹ́fà sí i, nígbà tí òun bá ti gbàgbé ìwé náà, àwọ̀ yẹn ló máa sọ fún òun èyí tí wọ́n sọ fún òun àti èyí tí òun fúnra òun ṣírò.

Ó wá to gbogbo ìlà náà tẹ̀ lé nọ́ńbà fóònù, kì í ṣe orúkọ. Mo bi í pé èéṣe. Kò dáhùn. Ó ń tẹ ọfà ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí òpó kan ṣoṣo. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dúró. Nọ́ńbà kan, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ó tún tẹ̀ síwájú: nọ́ńbà mìíràn, orúkọ méjì. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ tó ń gba oníbàárà wọlé, tí wọ́n ń sanwó fún lórí orí kọ̀ọ̀kan, ló ń fi nọ́ńbà àǹtí ẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Kò pinnu èwo ni. Ó kun àwọn ìlà náà ní yẹ́lò, ó kọ àdírẹ́sì wọn sínú ìwé kékeré, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Tábìlì tó tò lẹ́yìn náà ló dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún. Lórí ìlà àkọ́kọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó bẹ̀rẹ̀ sí í rajà lóṣù kìíní: mélòó nínú wọn ló tún rà lóṣù kejì, lóṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ìlà kejì, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì. Ìlà tó bá wà nísàlẹ̀ ń kúrú ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, nígbà tó fi parí, tábìlì náà ti di onígun mẹ́ta bí ìborùn tí a ṣẹ́ po. Ó jẹ́ kí àwọ̀ máa ṣí bí iye bá ti ń dín kù, ó sì fi ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ láti wò ó, bí aránṣọ ti ń wo aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí ẹ̀rọ. Nínú 100 tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní, 41 ló kù lóṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá pa ìwé náà dé níbẹ̀. Òun ń bá ìlà náà lọ sí ọ̀tún: 41, 40, 40, 39. Ó fi ìdí bíró kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Àwọn yìí," ó ní, "àwọn yìí ò lọ."

Deck náà kò sọ ohunkóhun nípa àwọn 39 yìí. Ìlà tó ń gun Olúmọ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ó fi òpó kan kún un fún dọ́là, ó sì fi iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lóṣù kọ̀ọ̀kan pín owó ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí naira 460 ní báńkì. Lẹ́yìn tí ìjọba tú okùn ọrùn naira lóṣù yẹn, kò pé ọdún kan tó fi kọjá 1,500. Dọ́là ni wọ́n fi kó owó tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń bójú tó jọ, dọ́là ni wọ́n sì máa fi dá a padà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ di ìlọ́po méjì ní naira láàárín ọdún yẹn ti rẹ̀yìn ní dọ́là, láìṣẹ̀ láìrò.

Ìṣirò tó wá jẹ́ kí n gbé ìjókòó mi súnmọ́ ọn, bíró ló fi ṣe é. Ó ní ohun tí òun kò bá lè ṣe lórí bébà kò tíì yé òun. Deck sọ pé páálí Indomie kan tí wọ́n rà ní naira 9,600, naira 10,000 ni wọ́n ń tà á, èrè 400. Ó kọ "50 páálí" sókè bébà. Iye tí wọ́n rà á: 480,000. Owó kẹ̀kẹ́, 180 lórí páálí kan: 9,000. Owó ọmọ tó lọ gba ọ́dà wá, 70 lórí páálí kan: 3,500. Ó wá ṣí ìwé báńkì, ó sì wá owó tó wọlé, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, rúlà lábẹ́ ìlà tó ń kà. Nínú àádọ́ta páálí, ẹyọ kan ni owó rẹ̀ kò wọlé mọ́. Ó kọ 490,000. Ó yọ 480,000, ó yọ 9,000, ó yọ 3,500. Ó fàlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́: wọ́n pàdánù 2,500.

Ó tún un ṣe, ó fi páálí tó sọnù náà kún un. Èrè 7,500. Páálí kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Agolo mílíìkì méjì ló máa ń wà lábẹ́ ìjókòó wọn, ojú owó nínú ọ̀kan, èrè nínú èkejì, èkejì yẹn nìkan ni wọ́n sì ń jẹ nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi. Ó ní ohun tí òun ń ṣe náà nìyẹn, pé àwọn tó ń wá owó wá sọ́dọ̀ òun ti sábà da agolo méjèèjì pọ̀ ni, òun ló kù kí òun ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lórí afárá Èkó nígbà tí à ń lọ sí Mushin, ibẹ̀ ló ti sọ fún mi nípa oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tuntun yìí. Wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ kan fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó jókòó, ó ṣe ojú ìwé 41: bí ọjà náà ti tóbi tó, àwọn tó ń bá wọn du ú, ewu mẹ́fà, ọ̀nà mẹ́ta tí ọjọ́ iwájú lè gbà yọ. Ọ̀gá rẹ̀ ṣí i dé ojú ìwé kẹta, ó pa á dé, ó ní: "Ṣé ká fowó sí i àbí ká má fi sí i?" Kò ní ìdáhùn. Ìmọ̀ràn ló mọ̀ ọ́n gba èèyàn. Ní consulting, ẹlòmíràn ló ń fọwọ́ bọwé, nígbà tí ohun tó gbìn bá sì fi máa so, ó ti wà nínú ọgbà ẹlòmíràn. Níbi tó wà báyìí, ọwọ́ tirẹ̀ ló wà nínú ìwé náà, òun náà ni yóò sì máa jókòó ní ìpàdé wọn fún ọdún méje, mẹ́jọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ okòwò àti òwò fífi owó sí ilé-iṣẹ́ tuntun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Georges Doriot, ọmọ Faransé tó ń kọ́ni ní Harvard Business School, wà lára àwọn tó dá American Research and Development sílẹ̀ ní 1946, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń gba owó lọ́wọ́ ará ìta láti fi sínú ilé-iṣẹ́ tuntun. Ní 1957 wọ́n fi dọ́là 70,000 lé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan lọ́wọ́, àwọn tó dá Digital Equipment Corporation sílẹ̀, wọ́n sì gba ìdá 70 nínú 100. Lọ́dún yẹn kan náà, Doriot tún wà lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ okòwò INSEAD sílẹ̀ ní Faransé. Lọ́dọ̀ tiwa, Tunde Kehinde àti Raphael Afaedor tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìtajà Jumia l'Ékòó ní 2012, MBA Harvard ló wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Jeremy Hodara àti Sacha Poignonnec tó darí rẹ̀ títí tó fi wọ ọjà ìpín New York ní 2019, McKinsey ni wọ́n ti wá. Àmọ́ àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ ìsanwó Paystack sílẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Stripe wá rà ní 2020, Yunifásítì Babcock ni wọ́n ti kàwé, kọ̀ǹpútà sì ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló rán mi létí èyí, pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣì ń san gbèsè ilé-ìwé.

Ní Mushin, àdírẹ́sì àkọ́kọ́ tó kùn ní yẹ́lò gbé wa dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lóòótọ́: òun nínú ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ nínú èkejì, ẹ̀kẹta ní ìkóríta. Àbúrò mi yọ fóònù, ó pa yẹ́lò náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àdírẹ́sì kejì, fọkanáísà ló wà níbẹ̀. Ó ní òun ò ta Indomie rí. Yẹ́lò yẹn dúró.

A rìn dé tòsí ọjà Ojúwòyè. Ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà méjì lọ.

"Ẹ kú ọjà o, Mà. Ajé á wọ igbá."

"Àṣẹ o, ọmọ mi. Kí lẹ fẹ́?"

Ó ra omi tútù méjì àti bísíkíìtì, ó sanwó, ó bi ìyá bóyá a lè jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn kí a fi mu ún. Kò mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde. Ó mu omi, ó kí wọn kú oòrùn, ó bá wọn dárò owó iná. Ojú rẹ̀ ń lọ káàkiri lórí pẹpẹ ní gbogbo ìgbà yẹn: agolo mílíìkì tí eruku bò lórí, tòmátò tí kò ní eruku rárá, páálí òfìfo mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ́ sígun ilé. Nígbà tó wá béèrè, kò béèrè bóyá wọ́n fẹ́ràn áàpù àwọn ọmọ náà.

"Ìyá, Indomie tẹ́ ẹ tà lánàá, ọwọ́ ta lẹ ti rà á?"

"Ọwọ́ Álíájì tó wà lẹ́yìn ọjà."

"Àwọn ọmọ oníkẹ̀kẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn, bí owó ò bá sí lọ́wọ́ mi ni mo máa ń pè wọ́n. Álíájì fi naira àádọ́jọ rọ̀jú jù wọ́n lọ. Àmọ́ tó o bá dárúkọ àwìn fún Álíájì, kò ní gbọ́ mọ́."

Ó gbé bísíkíìtì láti ọwọ́ kan sí èkejì. Èmi tí mo ti rí ìṣirò rẹ̀ mọ ohun tó gbọ́: ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ń lọ sọ́dọ̀ Álíájì, ẹni tí kò bá ní ló ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà. Òun kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Ìwé ilé-ìwé kan ló ń wò, tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìṣó lára ògiri. Ó bi ìyá pé kí nìyẹn. Wọ́n ní ìwé àwìn ni, ibi tí àwọn ń kọ ẹni tó jẹ àwọn lówó sí. Ó ní ṣé òun lè rí i. Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n tú u kúrò lára ìṣó.

Lẹ́ẹ̀dì pupa ni wọ́n fi fa ìlà la orúkọ ẹni tó bá ti san. Pupa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo ojú ìwé. Àbúrò mi rọra ń ṣí i, ìka rẹ̀ kò kan ibi tí wọ́n kọ̀wé sí, ojú ìwé kan, òmíràn, òmíràn. Ó dá a padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó béèrè pé irú ṣọ́ọ̀bù wo ni kì í san owó àwọn ọmọ oníkẹ̀kẹ́. Ìyá fẹnu tọ́ka sí òdìkejì títì: "Àwọn tó ń ṣí lóṣù yìí, tí wọ́n ń kó lọ lóṣù tó ń bọ̀."

Ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá la wọ̀ lọ́jọ́ náà, ní gbogbo wọn ló sì ń wo ara ògiri kó tó jókòó. Méje ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yẹ orúkọ wọn wò lálẹ́, kò sí ọ̀kan nínú àwọn méje náà tó jẹ gbèsè kọjá ọjọ́ kẹsàn-án. Ó ní mọ́kànlá kéré, pé èèyàn kò lè fẹsẹ̀ rinlẹ̀ lórí rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi òpó tuntun kan sí Excel rẹ̀, "ìwé àwìn: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́", ó sì tẹ mọ́kọ̀ọ̀kànlá sí i, ní búlúù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló pe èyí tó jẹ́ olórí nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà. SAFE ni wọ́n fi gba owó tẹ́lẹ̀, ìwé àdéhùn ṣókí tí Y Combinator ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013: ẹ gba owó lónìí, ẹni tó fún yín á gba ìpín tirẹ̀ lọ́jọ́ tí olówó ńlá bá dé. Nítorí pé ìpín kankan kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí i, ó máa ń dà bíi pé a kò tíì ta nǹkan kan. Ọmọ yìí ti fọwọ́ sí mẹ́ta.

Àbúrò mi fa bébà kan jáde, ó kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹni tó wà lódìkejì lè máa kà á. Dọ́là 250,000 lórí iye 2.5 mílíọ̀nù: 10. Dọ́là 300,000 lórí 4 mílíọ̀nù: 7.5. Dọ́là 500,000 lórí 5 mílíọ̀nù: 10. Ó rò ó pọ̀: 27.5. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ku 72.5. Ó ní ká sọ pé olówó tuntun gba 20, ká sì ya 10 sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Gbogbo ẹni tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá jọ pín 70. Ó ṣírò ìdá 70 nínú 100 ti 72.5. Ó yí bébà náà síhà ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

"50.75, ẹ̀yin méjèèjì. Tiyín nìkan, díẹ̀ lé ní 25."

Ọmọ náà wò ó títí. "Ogójì ni mo rò pé ó máa kù sí mi lọ́wọ́, Mà."

Kò sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, kò sì yára sọ nǹkan mìíràn. Ó dúró títí ọmọ náà fi fi ìka tẹ̀ lé ìṣirò náà láti òkè délẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì mi orí. Ìgbà yẹn ló tó wá fún un ní bébà àádọ́ta páálí, bébà náà gan-an, pẹ̀lú ìlà méjì abẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún un nípa ìwé tí wọ́n so mọ́ ìṣó. Ọmọ náà ní àwọn ní ẹ̀rọ tó ń fi fóònù oníṣọ́ọ̀bù mọ ẹni tó lè san gbèsè. Ó wo bébà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní ṣé òun lè mú un lọ.

Ojú ìwé kan ni àbọ̀ tó kọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: ká má tíì fi owó sí i. Abẹ́ rẹ̀ ni ìṣirò àádọ́ta páálí, àwọn 39 tí kò lọ, àti naira 150 ti Álíájì. Ìlà tó kẹ́yìn sọ ohun tó lè yí òun lọ́kàn padà: kí páálí tó ń sọnù di ẹyọ kan nínú 100, fún oṣù mẹ́ta léraléra. Lẹ́tà sí àwọn ọmọ náà ló gbà á lákòókò jù. Mo rí i tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìyìn ló ń yọ kúrò, nítorí ó ní ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún máa ń gbá ìyìn mú, á wá gbàgbé ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Èyí tó kù kò ju ìlà márùn-ún lọ. Kó tó fi í ránṣẹ́, ó kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago, kí wọ́n lè gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn. Ó so Excel rẹ̀ mọ́ ọn, búlúù àti dúdú, kò fi òpó kankan pamọ́.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, mo wà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń bẹ iṣu, nígbà tí WhatsApp dún lórí fóònù rẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó wò ó. Àwòrán ni: ìwé ilé-ìwé kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìṣó, ògiri tí a kò mọ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Àádọ́ta páálí, Mà. Èrè 1,900." Ó fi ìka méjì fa àwòrán náà fẹ̀, ó wo àwọn ìlà pupa inú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ gbé kọ̀ǹpútà wá, ó ṣí Excel àtijọ́ yẹn, ó tẹ ọfà lọ sí àpótí tó yẹ, ó tẹ 1,900 sí i, ó kùn ún ní búlúù. Ó wá kọ̀wé padà: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi fi ìwé báńkì ránṣẹ́."